Orí Keje: Ewu Àjálù àti Ìmúrasílẹ̀ Ìdílé ní Ìgbèríko – Àpẹẹrẹ Káńtì Humphreys ní Tennessee

Odò Trace Creek kì í ṣe odò tí àwọn arìnrìn-àjò ń wá wò. Odò kékeré kan ni, tó ń ṣàn bọ̀ láti apá ìlú McEwen, tó gba Waverly kọjá, tó sì lọ ń já sínú odò ńlá Tennessee. Ilẹ̀ tó tẹ́jú kò pọ̀ ní àgbègbè náà, òkè ló pọ̀, nítorí náà bèbè odò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́lé sí. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, odò yìí kún wìtìwìtì. Ó wọ ilé, ó wọ ṣọ́ọ̀bù, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ilé ẹ̀kọ́ girama kékeré tó wà nítòsí rẹ̀. Ènìyàn 20 ló kú. Ilé tó lé ní 270 ló bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, nǹkan bí 160 mìíràn sì bàjẹ́ gidigidi.

Káńtì ni ìpín ìjọba tó wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó jọ ìjọba ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà. Humphreys wà ní ìwọ̀-oòrùn Nashville, tó jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ Tennessee, ó sì fi bíi 95 kìlómítà jìnnà sí i. Nínú ìkànìyàn ọdún 2020, àwọn tó ń gbé gbogbo káńtì náà kò pé 19,000. Waverly, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba káńtì wà, kò ju bíi 4,300 lọ. Àwọn òǹkọ̀wé lórí àjálù sábà máa ń sáré lọ sí New Orleans tàbí sí àwọn ìlú ńlá California, torí ibẹ̀ ni àwọn oníròyìn pọ̀ sí. Ìgbèríko bíi Humphreys ló kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù fún ohun tí orí yìí fẹ́ sọ: níbi tí ilé ti jìnnà síra, tí panápaná ń ti ẹnu iṣẹ́ oko wá, wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn àjálù wà lọ́wọ́ onílé àti aládùúgbò rẹ̀, kò sí lọ́wọ́ ìjọba.

Òjò tó ju gbogbo àkọsílẹ̀ lọ

Kí ọdún 2021 tó dé, òjò tó pọ̀ jù tí wọ́n tíì wọ̀n láàárín wákàtí 24 ní Tennessee ni èyí tó rọ̀ ní ìlú Milan ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1982. Ó jẹ́ 13.60 ínǹṣì. Ní McEwen, lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí, ohun tí wọ́n wọ̀n jẹ́ 20.73 ínǹṣì, ìyẹn bíi 526 mìlímítà. Iye yìí ga débi pé ìgbìmọ̀ kan ní láti jókòó yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó kà á sí àkọsílẹ̀ tuntun fún ìpínlẹ̀ náà. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn lè fi ọkàn gbé e wò báyìí: òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,300 mìlímítà, láti ìgbà tí àgbẹ̀ ti ń palẹ̀ títí di ìgbà tí ọyẹ́ dé. Ohun tó rọ̀ sí McEwen láàárín ọjọ́ kan tó ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀, òwúrọ̀ kan péré sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ rọ̀.

Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó kún fún ọ̀rinrin ń bọ̀ láti apá gúúsù, ó pàdé ibi tí ojú ọjọ́ ti dúró sójú kan tí kò yẹ̀. Àwọsánmà òjò kan rọ̀ tán, òmíràn gba ipò rẹ̀ lójú ọ̀nà kan náà, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ láti ìdájí. Bí ooru ayé sì ṣe ń pọ̀ sí i, irú òjò báyìí kò ní ṣọ̀wọ́n mọ́: bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Celsius kan móoru sí i, omi tó lè gbé dúró máa ń fi bíi ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i.

Òjò nìkan kọ́ ló ṣe é. Àwọn òkè tó yí Waverly ká ń da omi wọn sí àfonífojì kan ṣoṣo. Ojú irin rélùwéè sì gba ẹ̀gbẹ́ odò náà kọjá lórí òkìtì ilẹ̀. Ohun tí àwọn ará ìlú sọ ni pé igi àti pàǹtírí tí àgbàrá gbá wá há sábẹ́ afárá, omi gbára jọ lẹ́yìn òkìtì náà, ìgbà tí òkìtì sì já, gbogbo rẹ̀ ya lu ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ yẹn dé ilé ẹjọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gbọ́ ìtàn Omíyalé Ògùnpa, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, á ti mọ irú ọ̀rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀. Níbẹ̀ pẹ̀lú, pàǹtírí tó dí ojú omi àti ilé tó fún odò mọ́ra fi kún ohun tí òjò ṣe.

Ìlà mẹ́ta ewu

Bí òjò 526 mìlímítà bá rọ̀ sínú aginjù tí ẹnikẹ́ni kò gbé, ìròyìn ojú ọjọ́ lásán ni. Ìgbà tó bá kan ènìyàn ló ń di àjálù. Nítorí náà, bí àwọn onímọ̀ bá ń wọn ewu, ohun mẹ́ta ni wọ́n ń yẹ̀ wò pọ̀: ohun tó ń bọ̀, ohun tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀, àti bí ohun tó wà lójú ọ̀nà náà ṣe lè fara dà á tó. Èyí kẹta ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ owó ló wà nídìí rẹ̀.

Ẹ wo ìlú kékeré méjì tí ààjà ńlá kọ lù, irú ìjì tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní tọ̀nédò. Ní alẹ́ ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2007, ààjà kan tí ìbú rẹ̀ tó 2.7 kìlómítà gba Greensburg kọjá, ní káńtì Kiowa, ìpínlẹ̀ Kansas. Ó fẹ̀ ju ìlú náà fúnra rẹ̀ lọ. Ìdá 95 nínú 100 ilé tó wà níbẹ̀ ló wó lulẹ̀ tàbí tó bàjẹ́ pátápátá. Bí ènìyàn bá wo fọ́tò ọjọ́ kejì, á rò pé gbogbo ìlú ló kú. Ènìyàn 11 ló kú nínú ìjì náà, nígbà tí àwọn tó ń gbé ìlú ń lọ bíi 1,400. Ohun tó yọ àwọn yòókù kò jìnnà: ìkìlọ̀ ti dé ṣáájú fún bíi ogún ìṣẹ́jú, ọ̀pọ̀ ilé ní Kansas ló sì ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n lè sá wọ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ níbẹ̀ pé tí fèrè bá dún, ìsàlẹ̀ ni.

Ti Mayfield, ní káńtì Graves, ìpínlẹ̀ Kentucky, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2021, oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn omíyalé Waverly, ààjà kan rin ìrìn tó ju 260 kìlómítà lọ láì dáwọ́ dúró, ènìyàn 57 ló sì pa lójú ọ̀nà rẹ̀. Ìkìlọ̀ dé níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ kò sùn. Ṣùgbọ́n oṣù Kejìlá ni, ìgbà tí àwọn ènìyàn kì í retí ààjà. Alẹ́ ti lẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ nínú ilé iṣẹ́ àbẹ́là kan tí òrùlé rẹ̀ fẹ̀, tí kò sì ní yàrá abẹ́ ilẹ̀. Mẹ́sàn-án nínú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló kú.

Ilé alágbèéká, èyí tí wọ́n kàn ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n sì wọ́ wá sórí ilẹ̀, pọ̀ ní ìgbèríko gúúsù Amẹ́ríkà nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Nínú àwọn tí ààjà pa sínú ilé, ó ju ìdajì lọ tó jẹ́ pé irú ilé yìí ni wọ́n wà. Kò sí ìmọ̀ràn ìmúrasílẹ̀ kankan tó lè sọ pé kí onílé alágbèéká dúró sínú rẹ̀. Ìmúrasílẹ̀ tirẹ̀ ni pé kó ti mọ ilé aládùúgbò, ilé ìjọsìn tàbí gbọ̀ngàn tó lè sá lọ, kó sì ti mọ iye ìṣẹ́jú tí yóò fi débẹ̀.

“Omi ọgọ́rùn-ún ọdún”

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti pa ènìyàn púpọ̀ láì fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn onímọ̀ẹ̀rọ máa ń pe omíyalé ńlá kan ní “omi ọgọ́rùn-ún ọdún.” Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé bó bá ti dé lọ́dún yìí, ọmọ-ọmọ òun ló kù tí yóò tún rí i. Wọ́n ní iná èsìsì kì í jóni lẹ́ẹ̀mejì. Ti omi kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ni pé lọ́dọọdún, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni àǹfààní pé omi á dé ìwọ̀n yẹn, ọdún tó kọjá kò sì bá tọdún yìí dá májẹ̀mú kankan.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìdílé kan yá owó ọgbọ̀n ọdún láti fi ra ilé sí ilẹ̀ tí omi lè dé. Àǹfààní pé omi kò ní dé lọ́dún kan jẹ́ 0.99. Bí a bá sọ ọ́ di púpọ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, 0.99 lọ́nà 30, ohun tó kù jẹ́ bíi 0.74. Ìyẹn ni pé kí wọ́n tó san owó ilé náà tán, ìdá 26 nínú 100 ni ewu pé omi á ti wọ yàrá wọn. Kò sí ẹni tó máa wọ ọkọ̀ òfúrufú tó bá gbọ́ irú iye bẹ́ẹ̀.

Adójútòfò ilé lásán ní Amẹ́ríkà kì í san owó omíyalé. Èyí máa ń ya àwọn onílé lẹ́nu lọ́jọ́ kejì àjálù, nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Adójútòfò omíyalé dá dúró gẹ́gẹ́ bí ètò ọ̀tọ̀, ìjọba àpapọ̀ ló sì dá a sílẹ̀ lọ́dún 1968. Ẹni tó bá sì rà á lónìí á dúró fún ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí ènìyàn má baà rí àwọsánmà dúdú kó tó sáré lọ ra á. Banki máa ń fi dandan lé e fún ẹni tó yá owó ra ilé sínú àgbègbè tí máàpù ìjọba kà sí eléwu. Ẹni tó ti san gbèsè rẹ̀ tán, ẹni tó jogún ilé, àti ayálégbé kò sí lábẹ́ dandan náà, ìgbèríko sì kún fún irú wọn.

Ohun tí ìjìnnà ń ṣe

Ní ìlú ńlá, ẹni tó bá pe nọ́mbà pàjáwìrì 911 ń retí ọkọ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní Humphreys lọ́jọ́ náà, iná lọ, fóònù kò ṣiṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, àgbàrá sì gbá ojú ọ̀nà lọ. Àwọn ìbátan ń wá ara wọn kiri láì mọ ẹni tó ṣì wà láàyè. Bẹ́ẹ̀ àwọn panápaná ìgbèríko Amẹ́ríkà, olùyọ̀ǹda ara ẹni ló pọ̀ jù nínú wọn: àgbẹ̀, olùkọ́, mẹ́káníìkì, tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ìpè bá dún. Lọ́jọ́ omíyalé, ilé tiwọn náà wà nínú omi.

Omi mímu tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Àwọn ènìyàn tó ń lọ bíi mílíọ̀nù 43 ní Amẹ́ríkà ló ń mu omi kànga ara wọn, ìgbèríko ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà. Iná ló ń fa omi kànga wọ̀nyí sókè. Bí iná bá lọ, omi lọ nìyẹn, kódà bí odò bá ń ṣàn lẹ́yìnkùlé. Ìjọba kò sì ń yẹ irú omi bẹ́ẹ̀ wò. Onílé ni ilé iṣẹ́ omi ara rẹ̀.

Láti inú ilé wá

Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé náà la sì ń wò kí a tó kó ìpèsè pàjáwìrì jọ. Àkójọ tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ìwé pélébé dára, ṣùgbọ́n ìdílé tó ní ìyá àgbà tó ń fi ẹ̀rọ mí, àti ìdílé tó ní ọmọ ọwọ́ àti màlúù ogún, kò lè lo àkójọ kan náà. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé kí ìdílé jókòó, kí wọ́n bi ara wọn léèrè: èwo nínú àwọn ohun tó lè ṣẹlẹ̀ níbí ló máa ń dé lójijì, èwo ló máa ń fún ni láyè? Yìnyín máa ń fún ni ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ààjà kì í sábà fún ni ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Omi Waverly kò fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àkókò tó tó láti wọ bàtà.

Ìkìlọ̀ ló ṣáájú, torí kò sí ìmúrasílẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́. Fèrè ńlá tó wà lórí òpó láàárín ìlú, ẹni tó wà níta ni wọ́n ṣe é fún; ẹni tó ti sùn tó ti fèrèsé lè má gbọ́ ọ. Láti ọdún 2012 ni ìkìlọ̀ ti ń wọlé sórí fóònù, ṣùgbọ́n fóònù nílò òpó tó ṣì dúró. Ohun tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ gbẹ́kẹ̀ lé jù fún ìgbèríko ni rédíò kékeré kan tí owó rẹ̀ kò wọ́n, èyí tó ń gbọ́ ìkéde ojú ọjọ́ ìjọba lórí ìgbì 162.400 sí 162.550 MHz. Ibùdó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tó ju 1,000 lọ ló ń gbé e jáde káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Onílé á fi nọ́mbà káńtì rẹ̀ sínú rédíò, 047085 fún Humphreys, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á fi bátìrì sí i lẹ́yìn. Rédíò náà á dákẹ́ títí, kò ní dá oorun ẹnikẹ́ni láàmú nítorí òjò tó ń rọ̀ ní káńtì mìíràn. Ọjọ́ tí ìkìlọ̀ bá kan Humphreys, á ké tó bẹ́ẹ̀ tí òkú oorun á fi fò dìde. Níbi tí ààjà ti ń wá lóru lemọ́lemọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Tennessee níbi tí fẹ́rẹ̀ẹ́ ìdajì wọn ti jẹ́ ti òru, kò sí ohun tó níye lórí tó o nínú ilé.

Omi ló tẹ̀ lé e. FEMA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó pàjáwìrì, ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní gálọ́ọ̀nù kan lóòjọ́, ìyẹn bíi lítà 3.8, fún ọjọ́ mélòó kan. Ìdajì rẹ̀ ni mímu, ìyókù fún sísè àti fífọwọ́. Ó yẹ kí àwọn tó ń gbé ibi tó jìnnà ronú ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Ọ̀pọ̀ ilé sì ní omi tí wọn kò kà sí: ẹ̀rọ amómigbóná ilé Amẹ́ríkà sábà máa ń gba 40 sí 50 gálọ́ọ̀nù omi mímọ́. Kí onílé pa iná tàbí gáàsì rẹ̀ ná, kó dúró kó tutù, kó tó tú ẹnu rẹ̀ tó wà nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn tí àgbàrá bá ti wọ kànga, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu omi rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ tó ń fà á kí oníná tó yẹ̀ ẹ́ wò, torí iná lè gbé ènìyàn. Tí ẹ̀rọ bá ti dára, wọ́n á da bílíìṣì tí kò ní òórùn dídùn sínú kànga ní ìwọ̀n tí ìjìn rẹ̀ béèrè, wọ́n á ṣí ẹnu ẹ̀rọ omi kọ̀ọ̀kan nínú ilé títí òórùn klórínì á fi jáde níbẹ̀, wọ́n á tì wọ́n pa. Omi náà á wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí 12 ó kéré tán, títí mọ́jú fún ẹni tó bá ní sùúrù. Ọjọ́ kejì ni wọ́n á dà á nù síta, kì í ṣe sínú ṣáláńgá, wọ́n á sì mú díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Síse omi kó hó fún ìṣẹ́jú kan máa ń pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n kò lè mú epo bẹntiróòlù àti oògùn oko tí omíyalé gbá wá kúrò. Ibi yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń tan ara wọn jẹ.

Oúnjẹ kò le tó omi. Fíríìjì tí a kò ṣí máa ń tọ́jú oúnjẹ fún bíi wákàtí 4, fírísà tó kún dáadáa fún bíi wákàtí 48. Lẹ́yìn ìyẹn, oúnjẹ agolo àti ohun tí a fi ń ṣí agolo, èyí tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé.

Jẹnẹrétọ̀ ti gba ẹ̀mí là, ó sì ti mú ẹ̀mí lọ. Èéfín rẹ̀ ní carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tó sì ń pa ìdílé lójú oorun. Lẹ́yìn gbogbo ìjì ńlá ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń kó òkú irú èyí. Ìta gbangba ni kó wà, tó jìnnà sí fèrèsé àti ẹnu ọ̀nà, ó kéré tán mítà 6, kì í ṣe inú gáréèjì tí a ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìkìlọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tó ń gbé Nàìjíríà.

Ọ̀nà tún wà nínú ọ̀rọ̀. Ó ju ìdajì lọ nínú àwọn tí omíyalé ń pa ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ ni wọ́n ti kú. Omi tó ń ṣàn kíkankíkan, bó bá tó 15 sẹ̀ǹtímítà, lè ti àgbàlagbà ṣubú. 30 sẹ̀ǹtímítà lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, 60 lè gbé ọkọ̀ jíìpù àti pikọ́ọ̀pù lọ. Lóru, awakọ̀ kò lè mọ̀ bóyá ọ̀nà ṣì wà lábẹ́ omi tó ń wò. Nítorí náà, ìdílé tó mọ ohun tó ń ṣe á ti wo ọ̀nà méjì tó jáde kúrò ní àdúgbò wọn, èyí tí ọ̀kan nínú wọn kò gba orí afárá rárá.

Fún ẹni tó ń sin ẹran, ìpinnu gbọ́dọ̀ wáyé kí omi tó dé. Màlúù tí a ti kó lọ sí ilẹ̀ gíga nírọ̀lẹ́ yóò jẹ koríko ní àárọ̀. Èyí tí wọ́n tì mọ́ ọgbà lẹ́bàá odò kò ní ọ̀nà àbáyọ. Àmì ìdánimọ̀ lára ẹran sì máa ń dín ìjà kù nígbà tí ẹran oko mẹ́ta bá dàpọ̀ sójú kan.

Ìwé ilẹ̀ àjogúnbá

Ohun kan wà tí àkójọ ìpèsè máa ń fi sí ìlà ìkẹyìn, tó sì yẹ kó wà lókè: ìwé. Lẹ́yìn àjálù, FEMA máa ń béèrè ẹ̀rí pé ẹni tó ń tọrọ ìrànwọ́ ló ni ilé náà. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, pàápàá láàárín àwọn ìdílé adúláwọ̀ ìgbèríko, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ló jẹ́ ilẹ̀ ẹbí: bàbá àgbà kú láì kọ ìwé ìhágún, àwọn ọmọ kò pín in, ọmọ-ọmọ ń gbé e, orúkọ bàbá àgbà ló ṣì wà nínú ìwé káńtì. Ẹni tó mọ bí ilẹ̀ ẹbí ṣe ń rí nílé Yorùbá kò nílò àlàyé. Ìjì dé, ilé wó, olùgbé rẹ̀ béèrè ìrànwọ́, wọ́n ní kó mú ìwé wá, kò sí. Ọdún pípẹ́ ni wọ́n fi ń lé irú wọn padà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021 ni FEMA tú ìlànà náà rọ̀, tó gba oríṣi ẹ̀rí púpọ̀ sí i, tó sì gbà kí àwọn tí kò ní ìwé fọwọ́ sí ẹ̀rí ara wọn lábẹ́ ipò kan. Àtúnṣe gidi ni, ṣùgbọ́n ó pẹ́.

Kí ìdílé ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan, ìwé ilẹ̀, ìwé adójútòfò, ìwé oògùn àti káàdì ìdánimọ̀, kí wọ́n fi ẹ̀dà sínú báàgì tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ̀dà mìíràn sì wà lọ́dọ̀ ìbátan tó ń gbé ìlú mìíràn.

Ipa káńtì

Onílé kò lè ṣí odò nípò. Láti ọdún 2000, òfin ìjọba àpapọ̀ ti sọ pé káńtì tó bá fẹ́ owó láti dín ewu kù gbọ́dọ̀ kọ ètò rẹ̀ sílẹ̀, kó sì tún un ṣe ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Inú ètò yẹn ni a ti ń mọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n mú afárá fẹ̀ sí, ilé tó yẹ kí ìjọba rà kó sì wó kí ilẹ̀ rẹ̀ di pápá, àti ibi tí ilé ẹ̀kọ́ kò yẹ kó wà. Àwọn ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti kà á, ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń kà á.

Waverly mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àjálù lè yí òfin padà. Ní oṣù Kejì ọdún 1978, ọkọ̀ rélùwéè yẹ̀ lójú irin láàárín ìlú náà. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń gbìyànjú láti palẹ̀ rẹ̀ mọ́, ọkọ̀ agbégáàsì kan bú gbàmù. Ènìyàn 16 ló kú, ọ̀gá ọlọ́pàá àti ọ̀gá panápaná ìlú wà lára wọn. Èyí kì í ṣe àjálù àdánidá, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tó mú Tennessee tún ètò pàjáwìrì rẹ̀ tò, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn panápaná bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ohun olóró.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ìdílé ẹni mẹ́fà kan ń gbé lẹ́bàá odò kékeré ní káńtì ìgbèríko, kìlómítà 14 sí ibùdó panápaná. Bàbá àgbà ń gba abẹ́rẹ́ insulin tó gbọ́dọ̀ wà nínú òtútù. Omi kànga ni wọ́n ń mu, wọ́n ní màlúù 12, ilé alágbèéká ni wọ́n ń gbé, ilẹ̀ náà sì ṣì wà lórúkọ bàbá bàbá àgbà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣírò omi tí wọ́n nílò fún ọjọ́ márùn-ún ní gálọ́ọ̀nù àti ní lítà. Kó sọ ohun mẹ́ta tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe lọ́sẹ̀ yìí kan náà, kó sì sọ ìdí tó fi tò wọ́n bó ṣe tò wọ́n. Lẹ́yìn náà, kó lo irú ìṣirò tí a ṣe lókè láti wá àǹfààní pé “omi ọgọ́rùn-ún ọdún” á dé ilẹ̀ wọn ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan kí àbíkẹ́yìn wọn, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta, tó pé ọdún 18.